Phosphatase wo ló yẹ kí ẹ lò? Ìfiwéra àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń yọ fọ́sífétì kúrò

Tí ẹ bá ń wá ẹ́ńsáìmù tí yóò bá yín yọ fọ́sífétì kúrò ní ìkángun DNA, orúkọ mẹ́rin ni ẹ ó máa bá pàdé: BAP (alkaline phosphatase ti bakitéríà), CIP (ti ìfun ọmọ màlúù), SAP (ti edé) àti Antarctic phosphatase. Gbogbo wọn ló mọ iṣẹ́ náà. Ẹ má da ara yín láàmú lórí èyí tó lágbára jù, torí èyí tó rọra ṣe jù nínú wọn pàápàá máa ń parí iṣẹ́ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni pé: bí iṣẹ́ bá tán, báwo ni mo ṣe máa pa á? Alágbàṣe tó ro oko tán tí kò kúrò lóko, ohun tí ẹ gbìn ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í hú. Orí ìbéèrè yẹn ni mo gbé gbogbo ìfiwéra yìí kà.

Ohun tí à ń yọ, àti ìdí tí a fi ń yọ ọ́

DNA olókùn méjì tí restriction enzyme, ìyẹn ẹ́ńsáìmù tó ń gé DNA ní ojú kan pàtó, gé máa ń ní fọ́sífétì ní ìkángun 5′ okùn kọ̀ọ̀kan, OH á sì wà ní ìkángun 3′. T4 DNA ligase, ẹ́ńsáìmù tó ń so DNA pọ̀, kò lè ṣe ohunkóhun àyàfi tó bá bá fọ́sífétì 5′ lẹ́gbẹ̀ẹ́ OH 3′. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní EcoRI, ọ̀kan nínú àwọn restriction enzyme, nìkan ni ẹ fi gé plasmid, ìyẹn DNA róbótó kékeré tí bakitéríà ń gbé, ìkángun rẹ̀ méjèèjì bára mu, wọn ò sì jìnnà síra, torí ara DNA kan náà ni wọ́n wà. Kí ègé tí ẹ fẹ́ fi sínú rẹ̀ tó dé ibẹ̀, ligase á ti so plasmid náà padà mọ́ ara rẹ̀. Ẹ óò gbé bakitéríà sórí àwo agar, kọ́lọ́nì á kún un bámúbámú, inú á dùn, àmọ́ òfìfo ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Tí ẹ bá yọ fọ́sífétì kúrò lára vector, ìyẹn plasmid tí yóò gbé ègé náà, ligase ò ní rí ohun tó máa fi so ó mọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ègé tí ẹ fẹ́ fi sínú rẹ̀ ṣì ní fọ́sífétì tirẹ̀ ní ìkángun méjèèjì, ìyẹn ló máa fi wọlé. Okùn kan ṣoṣo ni yóò so ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, okùn kejì á ṣì là díẹ̀. Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Bí plasmid náà bá ti wọ inú E. coli, bakitéríà á fúnra rẹ̀ tún ibẹ̀ ṣe.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé phosphatase lè já okùn DNA fúnra rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé fọ́sífétì náà ló so okùn ọ̀hún pọ̀ látòkè délẹ̀. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Fọ́sífétì tó wà ní ìkángun, ẹ̀gbẹ́ kan ló ti so mọ́ ṣúgà. Èyí tó wà láàárín okùn so mọ́ ṣúgà méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Èyí tó so lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni alkaline phosphatase ń wá.

Ṣé ẹ tiẹ̀ nílò rẹ̀?

Ẹ dá ìbéèrè yìí lóhùn kí ẹ tó náwó, torí owó kékeré kọ́ ni tí ẹ bá fi owó mímú ẹrù wọ̀lú kún un.

Bó bá jẹ́ ẹ́ńsáìmù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ fi gé vector, bíi EcoRI àti HindIII, ìkángun kìíní kò lè bá èkejì mu. Plasmid náà ò lè so mọ́ ara rẹ̀, bó tiẹ̀ ní fọ́sífétì. Èmi kì í yọ fọ́sífétì níbẹ̀, àyàfi tí ojú ibi tí ẹ́ńsáìmù méjèèjì ti ń gé bá sún mọ́ra jù. Tí wọ́n bá sún mọ́ra, ìkíní lè gé tán kí èkejì má rí àyè dúró, ẹ ó sì ní plasmid tí ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo gé láìmọ̀. Gel, tí a fi ń ya DNA sọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe gùn sí, kì í fi èyí hàn, torí pé ìyàtọ̀ ìwọ̀n wọn ò tó nǹkan.

Tí ẹ bá fẹ́ lo ọ̀nà Gibson, ọ̀nà kan tí a fi ń so ègé DNA pọ̀, tó jáde ní 2009, ẹ gbàgbé phosphatase. Ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ ló ń jẹ ìkángun 5′ wọlé, fọ́sífétì tó wà níbẹ̀ ń bá a lọ ni. Golden Gate, ọ̀nà ìsopọ̀ mìíràn, ní tirẹ̀ tiẹ̀ nílò fọ́sífétì yẹn kó tó lè so, ẹ má yọ ọ́ rárá.

Àwọn tó nílò rẹ̀ ni àwọn tó fi ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo gé vector, àti àwọn tó fẹ́ so ìkángun tó dọ́gba, níbi tí okùn méjèèjì ti parí lójú kan náà. Ẹ̀yin tó ń ṣe ti ìkángun tó dọ́gba, ẹ dúró díẹ̀. Primer (ègé DNA kúkúrú tí PCR, ọ̀nà tí a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀dà DNA, fi ń bẹ̀rẹ̀) tí ilé iṣẹ́ bá ṣe fún yín kì í ní fọ́sífétì ní 5′ àyàfi tí ẹ bá san owó fún un. Nítorí náà, ohun tí PCR bá gbé jáde kò ní fọ́sífétì. Ẹ wá yọ ti vector, ẹ fẹ́ fi PCR tí kò ní sínú rẹ̀. Kò sí fọ́sífétì níhìn-ín, kò sí lọ́hùn-ún, kí ni ligase fẹ́ so? Àwo á mọ́ lóló. Mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ ligase, tó pààrọ̀ bakitéríà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pààrọ̀ ọ̀gá rẹ̀ pàápàá, kó tó ronú kan primer. Ẹ lè ra primer tó ní fọ́sífétì, tàbí kí ẹ fi T4 polynucleotide kinase àti ATP fi fọ́sífétì sí PCR náà. Bó bá jẹ́ pé primer yín ní ojú ibi tí restriction enzyme máa gé, tí ẹ sì ti gé e lẹ́yìn PCR, ẹ fọkàn balẹ̀: gígé yẹn ló gbé fọ́sífétì wá.

Àwọn mẹ́rin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | BAP | CIP | SAP | Antarctic |
|---|---|---|---|---|
| Ibi tó ti wá | E. coli | ìfun ọmọ màlúù | edé omi tútù, Pandalus borealis | bakitéríà ilẹ̀ Antarctica |
| Ooru tó fi ń ṣiṣẹ́ | ó ń fara da 65 °C | 37 °C. 50 °C fún ìkángun tó dọ́gba | 37 °C | 37 °C |
| Ohun tó ń pa á | phenol, proteinase K (ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ prótéènì) | EDTA (kẹ́míkà tó ń gba irin mọ́ra) pẹ̀lú 75 °C, phenol, tàbí column (ọ̀pá tó ń sẹ́ DNA) | 65 °C | 80 °C, ìṣẹ́jú 2 |
| Buffer (omi tí iṣẹ́ ti ń wáyé) | tirẹ̀ | ọ̀pọ̀ buffer | ọ̀pọ̀ buffer | tirẹ̀, tó ní síńkì |

Ti BAP kò gba àlàyé gígùn. Òun ni a mọ̀ jù nínú ìwé: a mọ̀ pé serine tó wà ní ipò 102 ló ń kọ́kọ́ gba fọ́sífétì náà kó tó jù ú sínú omi, a sì mọ̀ pé síńkì méjì àti magnesium kan ló wà nínú ojú iṣẹ́ rẹ̀. E. coli kì í tọ́jú rẹ̀ sínú ara gan-an. Àárín awọ méjì tó bo ara rẹ̀ ló ń fi í sí, ibẹ̀ sì le fún prótéènì láti gbé. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sè é ní 65 °C, iṣẹ́ ló kù tó ń ṣe. Kí ẹ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ó fi phenol fọ DNA lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, DNA á sì máa dín kù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò rí ìdí tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí á fi rà á fún iṣẹ́ plasmid.

CIP tàbí SAP?

Ibí ni àríyànjiyàn gidi wà. CIP ló wà nínú fìrísà ọ̀pọ̀ láàbù, torí ó ti pẹ́ lọ́jà, kò wọ́n jù, ó sì yára ju BAP lọ dáadáa. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ buffer tí restriction enzyme ń lò, ẹ lè dà á sórí DNA tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tán láì pààrọ̀ nǹkan kan.

Ibi tó ti ń dunni ni ìparí. Ooru 65 °C tí a máa ń fi pa ọ̀pọ̀ restriction enzyme kò tó láti pa á tán. Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kí ẹ fi EDTA sí i kó tó 5 mM, kí ẹ wá gbé e sínú 75 °C fún ìṣẹ́jú 10. EDTA á fa síńkì yọ kúrò nínú ẹ́ńsáìmù náà, ooru á wá parí ìyókù. Àmọ́ EDTA kan náà yóò gbé magnesium tí ligase nílò mọ́ra, ó di dandan kí ẹ fọ DNA kí ẹ tó lò ó. Àwọn New England Biolabs ti wá gbé irú tuntun kan jáde tí wọ́n ń pè ní Quick CIP. Ìyẹn máa ń kú ní 80 °C láàárín ìṣẹ́jú 2. Tí ẹ bá gbọ́ pé "CIP" ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ kan, ẹ béèrè èwo nínú méjèèjì, torí àwọn ìtọ́ni àtijọ́ kò kan èyí tuntun.

SAP ní tirẹ̀, ara edé kan tó ń gbé inú omi tútù àríwá Atlantic ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Prótéènì ẹ̀dá tó ń gbé inú òtútù kì í le gírígírí. Ó máa ń rọ̀ kó lè ṣiṣẹ́ níbi tí nǹkan ti tutù, ooru díẹ̀ sì ti tó láti tú u ká. Ohun tó jẹ́ àléébù fún edé náà ló jẹ́ èrè fún wa. Èyí tí wọ́n ń ṣe lónìí nínú ìwúkàrà Pichia pastoris, tí wọ́n ń pè ní rSAP, á kú pátápátá ní 65 °C láàárín ìṣẹ́jú 5. Ti edé gan-an máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 15. Kò sí phenol, kò sí column, DNA ò dín kù. Ẹ lè fi òun àti restriction enzyme sínú ìgò kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ fi ooru pa àwọn méjèèjì, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Èwo wá ni kí ẹ mú? Ọ̀rọ̀ gel ló máa sọ. Tí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn phosphatase ni ẹ máa gbé vector sórí gel, tí ẹ máa gé e jáde, tí ẹ sì máa fi column yọ DNA, CIP olówó pọ́ọ́kú ti tó yín. Column yẹn á gba CIP dànù, ẹ ò sì ní san owó iṣẹ́ tí ẹ kò nílò. Tí ẹ kò bá ní gbé e sórí gel, tí ẹ fẹ́ kó lọ tààrà sínú ligase, ẹ ra rSAP tàbí Quick CIP. Iṣẹ́ tó wà níwájú ló ń yan ẹ́ńsáìmù. Ẹni tó bá ra rSAP tó wọ́n tó sì tún wá fọ ọ́ lórí column, ó kàn ná owó lẹ́ẹ̀mejì ni.

Antarctic phosphatase wà láàárín wọn. Bakitéríà kan tí wọ́n pè ní TAB5, tí wọ́n rí ní Antarctica, ni wọ́n ti mú un. Òun náà rọrùn láti pa. Àmọ́ ó fẹ́ síńkì, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fún un ní buffer tirẹ̀ tó ní síńkì àti magnesium, tí pH rẹ̀ jẹ́ 6.0. Ẹni tó bá dà á sórí DNA tó wà nínú buffer restriction enzyme láì fi buffer tirẹ̀ kún un, yóò bá a nínú ìlọ́ra. Nítorí buffer yẹn nìkan ni mo ṣe máa ń yan SAP jù ú lọ. Bó bá jẹ́ òun ló ti wà nínú fìrísà yín, ẹ lò ó, kò sí wàhálà, ẹ má ṣáà gbàgbé buffer rẹ̀.

Ohun mẹ́ta tó máa ń bà á jẹ́

Kìíní, EDTA. DNA tó wà nínú TE (omi tí a fi ń tọ́jú DNA) ní EDTA, bí ẹ bá da púpọ̀ nínú rẹ̀ sínú iṣẹ́ kékeré, síńkì inú ẹ́ńsáìmù á bá a lọ. Ẹ fi omi tàbí Tris lásán gba DNA tí ẹ fẹ́ lò fún iṣẹ́ yìí.

Èkejì, fọ́sífétì fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ́ńsáìmù yìí ń tú sílẹ̀ náà ló ń dí i lọ́nà, torí ojú iṣẹ́ kan náà ló ń wọ̀. Ẹ kò lè yọ fọ́sífétì nínú PBS, omi iyọ̀ tó ní fọ́sífétì.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí kì í wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé phosphatase tó ṣẹ́ kù lè jẹ fọ́sífétì ègé tí ẹ fẹ́ fi sínú vector. Ohun tí wọ́n ń gbàgbé ni pé ATP náà ní fọ́sífétì, mẹ́ta sì ni. T4 DNA ligase kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ATP. Nítorí náà, CIP tí ẹ kò pa tán, ọ̀nà méjì ló ti ń jà yín lólè: ó ń bọ́ fọ́sífétì lára DNA, ó sì ń jẹ oúnjẹ ligase. Ìgbà tí kọ́lọ́nì bá kéré jọjọ láì nídìí lẹ́yìn CIP, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìwọ̀n àti àkókò

Ẹ ṣírò rẹ̀ lórí ìkángun, ẹ má ṣírò rẹ̀ lórí ìwúwo DNA. DNA 1 µg tó gùn tó base pair 3,000 jẹ́ nǹkan bí 0.5 pmol, ìkángun méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, ìyẹn ni nǹkan bí 1 pmol ìkángun. Kò pọ̀ rárá. Unit kan CIP ni iye tó lè tú 1 µmol p-nitrophenyl phosphate (kẹ́míkà ìdánwò kan) ká láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi 1 µmol wé 1 pmol, ẹ ó rí i pé ìyàtọ̀ mílíọ̀nù kan ló wà láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí unit kan fi tó, tó tún ṣẹ́ kù. Fífi márùn-ún sí i "kó lè dájú" kò mú nǹkan kan dájú. Ìgbà tí ẹ́ńsáìmù pọ̀ jù tó sì pẹ́ jù, nuclease (ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ DNA) díẹ̀díẹ̀ tó lè fara pamọ́ sínú rẹ̀ á ráyè ha ìkángun DNA, oríkèé náà ò ní bára mu mọ́.

Àmọ́ ìrísí ìkángun ṣe pàtàkì. Níbi tí okùn 5′ ti yọ síta, bíi ti EcoRI, ọwọ́ ẹ́ńsáìmù á tètè kàn án. Níbi tí ìkángun ti dọ́gba, tàbí tí okùn 3′ ló yọ síta bíi ti PstI, fọ́sífétì náà sá wọ inú díẹ̀, ó ṣòroó mú. Fún irú èyí, àwọn tó ń lo CIP máa ń gbé ooru lọ sí 50 °C kí okùn méjèèjì lè máa là díẹ̀díẹ̀ ní ìkángun, kí ẹ́ńsáìmù lè ráyè wọlé. SAP kò fẹ́ràn irú ooru yẹn. Àkókò tàbí iye ni kí ẹ fi kún un. Tí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti ìkángun tó dọ́gba nígbà gbogbo, èyí jẹ́ ìdí gidi láti mú CIP.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́?

Àwo mẹ́rin ni, ẹ má sì fo ọ̀kankan. Vector tí ẹ gé tí ẹ kò fi ligase sí: kọ́lọ́nì tó bá hù níbẹ̀ jẹ́ plasmid tí kò gé rárá, phosphatase kò lè ràn yín lọ́wọ́ lórí ìyẹn. Vector tí ẹ gé, tí ẹ fi ligase sí, láì yọ fọ́sífétì: kọ́lọ́nì gbọ́dọ̀ pọ̀ níbẹ̀, òun ló ń fi hàn pé ligase ń ṣiṣẹ́. Vector tí ẹ yọ fọ́sífétì rẹ̀, pẹ̀lú ligase, láìsí ègé kankan: ibí ni ìdájọ́ wà, kọ́lọ́nì gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ gan-an. Ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́ yín gangan. Tí àwo kẹta àti ìkẹrin bá jọra, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í mú kọ́lọ́nì. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òfìfo ni ẹ ó máa kó.

Fún àwọn láàbù tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Àwọn ẹ́ńsáìmù yìí wà nínú glycerol ìdajì, wọn kì í dì ní −20 °C, ṣùgbọ́n fìrísà tó bá yọ́ lópin ọ̀sẹ̀ á jẹ́ kí ọkàn yín máa ṣe iyèméjì. Ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú p-nitrophenyl phosphate: bó bá ṣì wà láàyè, omi náà á di yẹ́lò lójú yín. Irú ìdánwò kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi ń wọn ALP (alkaline phosphatase) nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí dókítà bá ní kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ tàbí egungun aláìsàn wò. Ẹ lè tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Kì í ṣe plasmid nìkan

Tí ẹ bá fẹ́ fi PCR ránṣẹ́ fún sequencing, ìyẹn kíka lẹ́tà DNA, kò sí ìfiwéra kankan láti ṣe: SAP ni, pẹ̀lú Exonuclease I. Exonuclease á jẹ primer tó ṣẹ́ kù, SAP á gba fọ́sífétì lára dNTP (èròjà tí a fi ń kọ́ DNA) tó ṣẹ́ kù kí wọ́n má bàa da sequencing rú. Ìṣẹ́jú 15 ní 37 °C, ìṣẹ́jú 15 ní 80 °C, ó parí. Ẹ̀dà CIP tí ooru kò pa tán yóò wọ inú sequencing yẹn, yóò sì gba fọ́sífétì lára nucleotide tí wọ́n fẹ́ lò níbẹ̀. Èyí ni àpẹẹrẹ tó mọ́lẹ̀ jù tí mo ní fún ohun tí mo sọ lókè.

RNA ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. RNA tí T7 polymerase bá ṣe nínú ìgò máa ń ní fọ́sífétì mẹ́ta ní ìkángun 5′. Láti 2006 ni a ti mọ̀ pé RIG-I, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ inú sẹ́ẹ̀lì, ń fi fọ́sífétì mẹ́ta yẹn dá RNA fáírọ́ọ̀sì mọ̀, ó sì ń ké ìbòsí. Ẹni tó fẹ́ fi irú RNA bẹ́ẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì láìfẹ́ ariwo ní láti yọ wọ́n. Ẹ rántí pé RNA kò fẹ́ràn ooru tó bá wà pẹ̀lú magnesium: 80 °C tí ẹ fi ń pa phosphatase lè gé RNA náà wẹ́wẹ́. Níbí, pé ẹ́ńsáìmù kan rọrùn láti fi ooru pa kì í ṣe àǹfààní ńlá mọ́, column ni ẹ ó lò bó ti wù kó rí. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni pé kó má ní RNase, ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ RNA. Èyí tí wọ́n ṣe nínú ìwúkàrà tàbí bakitéríà ni mo máa mú, mi ò ní mú èyí tí wọ́n fà yọ látinú ìfun màlúù, torí ìfun kún fún RNase.

Prótéènì: CIP tàbí lambda?

Ní 1943, Gerty Cori àti Arda Green rí ẹ́ńsáìmù kan tó ń yí phosphorylase (ẹ́ńsáìmù tó ń tú glycogen ká) padà láti irú a sí irú b nínú iṣan ẹran. Wọn ò mọ̀ nígbà yẹn pé fọ́sífétì ló ń yọ. Edmond Fischer àti Edwin Krebs ní Seattle ló tú àṣírí náà ní àárín àwọn ọdún 1950, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1992. Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan ni gbogbo ẹni tó ń ṣe western blot, ìdánwò tí a fi ń wá prótéènì kan lẹ́yìn gel, máa ń bi: bándì tó gun òkè díẹ̀ yìí, ṣé fọ́sífétì ló gbé e sókè?

Lambda protein phosphatase ni mo máa yàn láti dáhùn rẹ̀. Láti ara fáírọ́ọ̀sì tó ń jẹ bakitéríà ló ti wá, manganese ló nílò, 30 °C ló sì ń fẹ́, fún ìṣẹ́jú 30. Ó ń yọ fọ́sífétì lára serine, threonine àti tyrosine, ẹ kò ní láti mọ èyí tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. CIP náà lè ṣe é, ó sì ti wà lọ́wọ́ yín tí ẹ bá ń ṣe plasmid. Àmọ́ lórí prótéènì, iye tí ẹ máa lò pọ̀ gan-an ju ti DNA lọ, CIP náà á sì yọ bíi bándì tirẹ̀ bí ẹ bá fi àwọ̀ kun gel náà. Pípa á lẹ́yìn iṣẹ́ kò ṣòro níbí: SDS (irú ọṣẹ kan) àti omi gbígbóná tí ẹ fẹ́ fi sè é fún gel á pa èyíkéyìí tí ẹ bá lò.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ju yíyan ẹ́ńsáìmù lọ ni buffer tí ẹ fi fọ́ sẹ́ẹ̀lì. Gbogbo wa ni wọ́n kọ́ pé ká fi vanadate, sodium fluoride àti β-glycerophosphate sí i kí phosphatase inú sẹ́ẹ̀lì má bàa jẹ fọ́sífétì. Ẹ wá fi lambda sínú omi kan náà, ẹ ń retí pé kó ṣiṣẹ́! EDTA inú rẹ̀ nìkan ti tó láti gba manganese lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ pín sẹ́ẹ̀lì sí mẹ́ta kí ẹ tó fọ́ wọn, kí ẹ fi buffer tí kò ní ìdènà fọ́ gbogbo wọn, kí ẹ sì tọ́jú wọn sórí yìnyín. Ìgò kìíní, ẹ má fi lambda sí i. Ìkejì, ẹ fi lambda sí i. Ìkẹta, ẹ fi lambda pẹ̀lú vanadate, fluoride àti EDTA. Gbogbo wọn á jọ wà ní 30 °C fún àkókò kan náà. Bí bándì bá wálẹ̀ nínú ìkejì, tó sì dúró sókè nínú ìkẹta bíi ti ìkíní, fọ́sífétì ni. Bó bá wálẹ̀ nínú gbogbo wọn, títí kan ìgò kìíní, phosphatase inú sẹ́ẹ̀lì yín fúnra rẹ̀ ló ti ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ dín àkókò tí omi sẹ́ẹ̀lì fi wà láì ní ìdènà kù, kí ẹ sì tún un ṣe.